Súkúrù-díráfà oníbátìrì fáwọn ọmọ tó ń jáde lọ ṣiṣẹ́: èwo ni kí n rà?

Sólà_Àsẹ̀rọ̀ | Ọjọ́ Ajé, 7:42 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo fẹ́ gbọ́ tẹnu yín kí owó tó kúrò lápò mi.

Àwa mẹ́rin là ń ṣiṣẹ́, èmi àti ọmọ mẹ́ta. Ìnfátà àti sólà ni iṣẹ́ wa gan-an, a sì máa ń gbé kámẹ́rà kọ́ sára ògiri fáwọn onílé. Àsẹ̀rọ̀ ní Abẹ́òkúta ni ṣọ́ọ̀bù wà, àmọ́ ìta làwọn ọmọ ń wà látàárọ̀ dalẹ́. Wọ́n lè wà ní Obántókò láàárọ̀, kó di ọ̀sán kí wọ́n wà ní Ìdí Àbà, ọjọ́ míì Ọ̀dẹdá. Ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn, báàgì ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń kó irinṣẹ́, torí náà ohun tó bá wúwo kò bá wa lára mu.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn lọ tú ìnfátà nílé oníbàárà. Súkúrù mẹ́rìndínlógún ló wà lára ìdérí rẹ̀ nìkan. Ó fi ọwọ́ tú gbogbo rẹ̀, ó dé e padà, ló bá rántí pé òun ò tíì ki wáyà fáànù bọnú ihò rẹ̀. Ó tún un tú. Nígbà tó fi dé ṣọ́ọ̀bù, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Àánú ṣe mí, mo ní kó máa gbé dírìlì 18V mi dání. Lọ́jọ́ kejì gan-an ló fi fọ́ ojú ihò súkúrù lára ike kámẹ́rà tuntun. Èmi ni mo san án.

Kí lẹ̀yin ń lò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é fún mi, ẹ sọ ìdí rẹ̀.

BàbáFíríìjì_Láfẹ́nwá | Ọjọ́ Ajé, 8:15 àárọ̀

Sólà, ọmọ mi, o kú làálàá. Fíríìjì ni mò ń tún ṣe ní Láfẹ́nwá láti ìgbà tí wọn ò tíì bí ọ̀pọ̀ nínú yín, ọwọ́ ni mo sì fi ń tú súkúrù títí dòní.

Súkúrù máa ń sọ̀rọ̀. Á kọ́kọ́ yí wọ́ọ́rọ́wọ́, á wá le díẹ̀, á dúró. Tó bá ti le tán tó tún wá rọ̀ lọ́wọ́ rẹ, o ti pa á nìyẹn, tírẹ́ẹ̀dì ti jẹ. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí ò bá tíì mọ ohùn yẹn, tí o gbé ẹ̀rọ lé lọ́wọ́, kò ní gbọ́ ọ mọ́ láéláé. Ra súkúrù-díráfà ọlọ́wọ́ tó dáa fún wọn, kí o sì máa bọ́ wọn yó.

Àdùkẹ́_POS | Ọjọ́ Ajé, 8:51 àárọ̀

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n súkúrù mélòó lẹ ń tú lẹ́yìn fíríìjì kan? Ẹ̀rọ POS lèmi ń tún ṣe ní Pánṣẹ́kẹ́. Lọ́jọ́ tí ọjà bá gbóná, mo máa ń tú tó ọgọ́rin súkúrù, mo tún máa dé gbogbo wọn padà. Ọrùn ọwọ́ mi ọ̀tún ti ń dùn mí kí n tó ra ẹ̀rọ.

Tèmi kéré, ó rí bíi bírò ńlá. Ó ní bọ́tìnì méjì, ọ̀kan fún títú, ọ̀kan fún dídé. Ohun tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀ ni pé ó máa ń yí súkúrù náà wọlé títí tá a fi kàn, á dúró, èmi á wá fi ọwọ́ ara mi yí gbogbo bírò náà díẹ̀ láti mú un le. Ohùn tí Bàbá ń wí yẹn, mò ń gbọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n kò ní wúlò fún Ọ̀gá Sólà, torí kò lágbára tó fún súkúrù tó ń wọ igi tàbí ògiri.

Ẹ tún kíyè sí bíìtì, ìyẹn irin kékeré tó ń wọ orí súkúrù. Bíìtì tèmi, ìdí rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 4. Ti àwọn ẹ̀rọ tó tóbi jẹ́ 6.35. Ìkan ò lè wọ ìkan. Mo ti rí ẹni tó ra páálí bíìtì olówó ńlá tó sì ń gbé e káàkiri bí ẹ̀ṣọ́.

Ẹńjìníà_ÌdíÀbà | Ọjọ́ Ajé, 10:03 àárọ̀

Ọ̀gá Sólà, kì í ṣe dírìlì yẹn ló jẹ̀bi. Ẹ bi ọmọ yín léèrè ibi tó yí òrùka ọrùn rẹ̀ sí. Mo lè fi ọmọ mi búra pé ojú àwòrán dírìlì ló wà.

Òrùka yẹn ni kílọ́ọ̀ṣì. Nọ́ḿbà wà lára rẹ̀, láti 1 lọ dé bíi 18 tàbí 20. Bí nọ́ḿbà bá kéré, kílọ́ọ̀ṣì á tètè já, ẹ ó gbọ́ tàkà-tàkà-tàkà, bíìtì ò sì ní yí mọ́ bí mọ́tò tiẹ̀ ń yí. Bí ẹ bá yí i dé ojú àwòrán dírìlì, kò sí kílọ́ọ̀ṣì níbẹ̀ rárá, gbogbo agbára mọ́tò ló ń bọ̀ sórí súkúrù. Ihò ni wọ́n fi ń lu níbẹ̀, wọn kì í dé súkúrù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni, nọ́ḿbà 1 lára 18V ṣì lè le jù fún ike kámẹ́rà. Nm ni kí ẹ máa wò lára páálí, òun ni wọ́n fi ń wọn agbára ìyí. Kí ẹ lè mọ bó ṣe tó: ẹ gbé sípánà tó gùn ní mítà kan, kí ẹ so ohun tó wọn nǹkan bí gíráàmù 100 mọ́ òpin rẹ̀. 1 Nm nìyẹn. Súkúrù kékeré tó ń wọ ike ò fẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Tẹ́mínà bírékà, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń fi súkúrù di wáyà mú, sábà máa ń fẹ́ 2 sí 3, wọ́n tiẹ̀ máa ń kọ ọ́ sára bírékà náà, ẹ wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀rọ kékeré 3.6V máa ń ní bíi 3 sí 5. 12V á tó 30. Àwọn 18V á kọjá 50. Èyí tó ń gbá bí òòlù, ìyẹn impact, máa ń kọjá 100.

Ẹ ò rí i pé kámẹ́rà tó fẹ́ ìdajì Nm lẹ gbé ẹ̀rọ tó ní 50 lé lórí?

Ẹ ní kí a má dárúkọ lásán, àmọ́ mo máa dárúkọ méjì kí ẹ lè mọ irú tí mò ń wí. Bosch Go jẹ́ 3.6V, agbára rẹ̀ 5 Nm, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ lè fi sápò ṣòkòtò. Makita DF012D jẹ́ 7.2V, 8 Nm, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní ìpele 21, ọrùn rẹ̀ sì ń ṣẹ́: ẹ lè nà án gbọọrọ bíi tọ́ọ̀ṣì, ẹ sì lè ṣẹ́ ẹ kó dà bí ìbọn. Bí ó bá jẹ́ èmi, irú àwọn wọ̀nyí ni mo máa fi sínú báàgì ọmọ tó ń gun ọ̀kadà.

Ọmọ_Obántókò | Ọjọ́ Ajé, 12:30 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n Ẹńjìníà, ẹ jọ̀ọ́, 48V ni tèmi. Ṣé ó ju 18V lọ ni? Ẹni tó tà á fún mi ní kò sí ohun tí ò lè ṣe.

Ẹńjìníà_ÌdíÀbà | Ọjọ́ Ajé, 12:44 ọ̀sán

Àbúrò, tú páàkì bátìrì rẹ̀, kí o ka ọmọ bátìrì tó wà nínú ẹ̀. Tú u pẹ̀lẹ́, má jẹ́ kí irin so orí méjèèjì pọ̀.

Ọmọ_Obántókò | Ọjọ́ Ajé, 1:20 ọ̀sán

Márùn-ún.

Ẹńjìníà_ÌdíÀbà | Ọjọ́ Ajé, 1:31 ọ̀sán

18V ni, àbúrò. Ọmọ bátìrì lithium kọ̀ọ̀kan jẹ́ 3.6V, márùn-ún ọ̀nà 3.6 ni 18. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iná kún, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gòkè dé 4.2, àpapọ̀ rẹ̀ á di 21. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń kọ 20V tàbí 21V sára ohun tí ẹlòmíì ń pè ní 18V. Ẹ̀rọ kan náà ni. Bákan náà, èyí tí wọ́n pè ní 12V, mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, 10.8V sì ni. Kí 48V tó jẹ́ òótọ́, mẹ́tàlá ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ìwọ náà ò sì ní lè gbé e sórí àkàbà.

Kò ní kó má ṣiṣẹ́ o. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ló ju ìlera rẹ̀ lọ.

Àdùkẹ́_POS | Ọjọ́ Ajé, 1:35 ọ̀sán

Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín níwájú oníbàárà 😂

Kanlépáànù_Adátán | Ọjọ́ Ajé, 6:58 alẹ́

Gbogbo yín ń sọ ti kámẹ́rà. Onísólà ni Ọ̀gá Sólà, ṣé ilẹ̀ ló ń to páńẹ́ẹ̀lì sí ni?

Súkúrù orí páànù, èyí tó ní orí igun mẹ́fà, tí rọ́bà dúdú wà lábẹ́ wáṣà rẹ̀, 3.6V ò lè kì í bọ inú irin. 12V ni kó kéré mọ. Èmi ò sì fẹ́ràn impact níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun làwọn ọmọ ìsinsìnyí ń rù gun òrùlé. Bó ṣe ń gbá a lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò ní mọ ìgbà tí rọ́bà fẹ́ fọ́. Ẹ máa wò ó: rọ́bà náà yẹ kó yọ síta díẹ̀ yí etí wáṣà ká, kó rí rogodo. Tó bá ti yọ jù, tó ya, tàbí tí wáṣà ti kó wọnú, òjò àkọ́kọ́ á sọ fún yín.

Mo lọ síbì kan ní Ibàrà lẹ́yìn òjò ńlá kan lọ́dún yìí. Wọ́n ní òrùlé ń jò láti ìgbà tí wọ́n ti gbé sólà síbẹ̀. Mo gun òkè, mo ka súkúrù: mọ́kànlá nínú méjìdínlógún ló ti fọ́ rọ́bà. Onílé ti ń bú ẹni tó ta páànù fún un kí n tó dé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi irú ẹ̀ mọ̀ yín. Òrùlé tó dípẹtà tá à ń rí láti orí Olúmọ ti pọ̀ tó, ẹ má fi tó ń jò kún un.

Sólà_Àsẹ̀rọ̀ | Ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹńjìníà, mo bi í. Ojú àwòrán dírìlì ló wà lóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ ń di pé n óò ra méjì: kékeré sínú báàgì kọ̀ọ̀kan, 12V kan ṣoṣo tí yóò máa tẹ̀ lé iṣẹ́ orí òrùlé. Ti iná ńkọ́? Ẹ mọ bí iná wa ṣe rí.

Délé_Fóònù_Kútọ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:40 àárọ̀

Onísólà tí bátìrì kú mọ́ lọ́wọ́! 😄

Fún kékeré, ra èyí tó ní ihò USB, kó lè gba iná lára páwà báǹkì. 3.6V tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 1.5Ah, iná tó ń gbà sínú kò ju 5.4Wh lọ. Páwà báǹkì 10,000mAh ní bíi 37Wh nínú, bó bá tilẹ̀ pàdánù díẹ̀ lọ́nà, ó lè kún un nígbà mẹ́rin tàbí márùn-ún. 12V ní tiẹ̀ sábà máa ń fẹ́ ṣájà rẹ̀ tó ń lo iná ilé, torí náà bátìrì méjì ni kí o rà mọ́ ọn.

Wàyí o, ohun kan wà tí wọn ò ní sọ fún ọ ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ẹ̀rọ tó pọ́ọ́kú kan ní ihò USB-C lóòótọ́, àmọ́ bí o bá ki wáyà tí orí rẹ̀ méjèèjì jẹ́ C bọ̀ ọ́, kò ní gba iná rárá. Wọ́n yọ rẹsísítọ̀ kékeré méjì tó yẹ kó sọ fún ṣájà pé "fún mi ní iná" kúrò nínú rẹ̀, kó lè dínwó. Wáyà àtijọ́ tí orí rẹ̀ kan fẹ̀ nìkan ló ń gbà. Ọ̀pọ̀ ló ti gbé e padà wá bá mi pé ó ti bàjẹ́. Mú C-sí-C tìrẹ dání lọ sọ́jà, kí o dán an wò níbẹ̀ kí o tó sanwó.

Oòrùn náà ńkọ́? Má jẹ́ kí wọ́n fi báàgì sílẹ̀ lórí ọ̀kadà lójú oòrùn. Bátìrì lithium ò fẹ́ràn ooru, kò sì yẹ kó gba iná nígbà tó bá ti kọjá 45°C. Tó bá gbóná lọ́wọ́, jẹ́ kó tutù ná.

BàbáFíríìjì_Láfẹ́nwá | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:05 àárọ̀

Mo ń ka gbogbo rẹ̀. Ẹ ò tíì sọ èyí tó ń pani.

Ṣé ẹ̀rọ yẹn lẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ máa ki bọ inú bírékà? Tẹ́sítà mi, rọ́bà bò ó látọ̀kè dé ìsàlẹ̀, ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ nìkan ló hàn. Bíìtì tiyín, irin ni láti ìdí dé orí.

Èkejì, ẹ̀yin ń di gbogbo ẹ̀bi ru kílọ́ọ̀ṣì. Bíìtì tí kò bá súkúrù mu ló ń jẹ orí rẹ̀. Àgbélébùú méjì ló wà, ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí ń pe méjèèjì ní "star". Ẹ wo orí súkúrù bírékà dáadáa: bí ẹ bá rí ìlà tín-ín-rín mẹ́rin láàárín apá àgbélébùú náà, PZ (Pozidriv) ni, kì í ṣe PH (Phillips). Bí ẹ bá fi PH yí i, á máa yọ̀, á máa fò jáde, á sì jẹ ẹ́. Súkúrù ti Jápáànù náà tún wà, òun máa ń ní àmì tóótóó kan lórí nígbà míì. Ẹ ó rí i lára jẹnẹrétọ̀ àti alùpùpù.

Ẹńjìníà_ÌdíÀbà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:30 àárọ̀

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Lórí méjèèjì.

Ọ̀gá Sólà, ẹ kọ èyí sára ògiri ṣọ́ọ̀bù: ẹ̀rọ oníbátìrì lásán kò ní ààbò kankan lọ́wọ́ iná. Ọlọ́wọ́ tí wọ́n kọ 1000V sí lára pẹ̀lú àmì igun mẹ́ta méjì tó wọ ara wọn, ìyẹn ló bá ìlànà IEC 60900 mu, òun nìkan ló gbọ́dọ̀ wọ ibi tí iná lè wà. Ilé iṣẹ́ Wiha ní Jámánì ń ṣe ẹlẹ́rọ kan tó ní ààbò yẹn, speedE lorúkọ rẹ̀. Ó máa ń yí súkúrù wọlé títí dé 0.4 Nm, mọ́tò á dúró, ẹ ó wá fi ọwọ́ parí rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ohun tí Bàbá ń wí látàárọ̀ àná ni wọ́n lọ ṣe? Àmọ́ owó rẹ̀ kò kéré. Ẹ pa iná, ẹ fi tẹ́sítà yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ fi ẹ̀rọ yí i wọlé, ẹ fi ọwọ́ mú un le. Tẹ́mínà tí kò le dáadáa á máa gbóná, ike bírékà á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ ti rí irú ẹ̀ rí.

Ọmọ_Obántókò | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:02 àárọ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo bíìtì mi. PH2 mẹ́wàá, PZ kankan ò sí. Ọdún méjì rèé tí mo ti ń bú àwọn tó ń ṣe bírékà.

Sólà_Àsẹ̀rọ̀ | Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Ẹtì, 8:20 alẹ́

Mo ní kí n padà wá jábọ̀.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Láderin lọ sí Èkó. Mo mú wáyà C-sí-C dání bí Délé ṣe wí. Èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún mi, tó lẹ́wà jù níbẹ̀, kò gbà á. Ẹni tó ń tà á ní wáyà mi ló bàjẹ́. Mo fi wáyà náà sí fóònù mi níwájú rẹ̀, fóònù gba iná, ẹni náà sì wojú òrùlé. Èkejì gbà á. Mẹ́ta ni mo rà, 4V, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní ìpele mẹ́fà. Mo ra 12V kan pẹ̀lú bátìrì méjì, mo sì ra bíìtì PZ2 tó gùn ní mílímítà 150 fún inú àpótí bírékà tó jìn. Kálukú tún ní ọlọ́wọ́ 1000V tiẹ̀.

Kí wọ́n tó gbé e jáde, mo mú ike kámẹ́rà tó fọ́ yẹn, mo ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wá súkúrù kan lára rẹ̀, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìpele 1 lọ sókè títí ike á fi ya. Ìpele 3 ló ya. Látìgbà yẹn, wọn kì í kọjá 2 lórí kámẹ́rà, èmi ò sì tún sọ ọ́ mọ́. Ìdérí ìnfátà tó gba ọmọ yẹn ní bí ìdajì wákàtí, bíi ìṣẹ́jú mẹ́fà ló ń fi tú u báyìí.

Ọ̀kan ti já bọ́ láti orí àkàbà lórí kọ̀ǹkéré. Ẹnu ibi tí bíìtì ń wọ̀ ti ń mì díẹ̀, òòfà inú rẹ̀ náà ti jáde, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo ti ní kí wọ́n fi okùn so ó mọ́ ọrùn ọwọ́. Impact, mi ò rà á.

Kanlépáànù_Adátán | Ọjọ́ Ẹtì, 8:41 alẹ́

O ṣe é re.

BàbáFíríìjì_Láfẹ́nwá | Ọjọ́ Ẹtì, 9:17 alẹ́

Sólà, o káre. Ìdánwò tó o fún wọn lórí ike yẹn dára púpọ̀.

Ẹńjìníà, mo ní ìbéèrè kan. Èyí tí o ní ọrùn rẹ̀ ń ṣẹ́ yẹn, súkúrù tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpẹ̀rẹ́sọ̀ nísàlẹ̀ fíríìjì, ibi tí ọwọ́ mi ò ti wọlé dáadáa mọ́, ṣé ó lè débẹ̀? Ọmọ mi kan ló ń bèèrè.

Àdùkẹ́_POS | Ọjọ́ Ẹtì, 9:19 alẹ́

Ọmọ yín, àbí? 😂 Bàbá, ẹ yà sí Pánṣẹ́kẹ́ lọ́la, aládùúgbò mi ní ọ̀kan, ẹ wá dì í mú wò.